Tú dírágì ẹ sílẹ̀: ọ̀rọ̀ mi fún àbúrò tí kingfish ń já okùn mọ́ lọ́wọ́ ní Freeport

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè ẹ tán, mo sì padà kà á kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. O ní ìwọ àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ máa ń ti Freeport ní Texas jáde lọ pa kingfish, ìyẹn king mackerel, ẹ máa ń dé ibi àwọn rig epo yẹn, àwọn ilé irin tí wọ́n fi ń wa epo lójú òkun, ẹja á jẹ, ríìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú pẹ́ okùn ti já, tàbí kẹ́ ẹ fa orí ìdẹ nìkan sókè, gbogbo ara tó kù ti lọ. Ọ̀rẹ́ ẹ tó ni ọkọ̀ wá ní kẹ́ ẹ lọ ra okùn 80 pọ́ùn, ìyẹn okùn tó lè gba agbára 80 pọ́ùn kó tó já, kẹ́ ẹ sì há dírágì pa, ohun tó ń dí okùn mú nínú ríìlì. Nísàlẹ̀ pátápátá lo wá sọ ọ́ pé ìyàwó ẹ lóyún, pé ẹja ló ń wù ú jẹ, ìyẹn ló ń jẹ́ kó o máa kánjú. Màá dé orí ìyẹn o, torí òun ló ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tó o kọ.

Ká kọ́kọ́ sọ ti okùn. Má ra okùn 80 pọ́ùn yẹn. Má há dírágì. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo lo máa gbà lẹ́nu mi lónìí, tú dírágì ẹ sílẹ̀, tú u débi tí wàá fi máa rò pé ó ti tú jù. Ìlàjẹ ni wọ́n ti bí mi, àwọ̀n la fi ń pẹja lọ́dọ̀ wa, tí àwọ̀n bá wúwo gbogbo ọwọ́ tó wà nínú ọkọ̀ á dì í mú, wọ́n á fà á. Ọ̀pá àti ríìlì ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jáde láti Galveston àti Freeport, lórí ọkọ̀ àwọn tó ń gbérò àti lórí ọkọ̀ ọ̀rẹ́, àwọn alágbára ni mo máa ń rí tí kingfish ń já lọ mọ́ lọ́wọ́, àwọn tó fara balẹ̀ ló ń gbé e dé ilé.

Ìdí ẹ̀ rèé. Ẹja yìí kì í jà nísàlẹ̀ bíi ti snapper, eré ló ń sá. Tó bá gbé ìdẹ tó wá rí i pé nǹkan kan ti kọ́ òun, á na ara ẹ̀ gbọọrọ á sì lọ, ó lè fa okùn ọgọ́rùn-ún yáàdì jáde ní ìgbà kan náà kò ní bojú wẹ̀yìn. Ìwọ̀ tá a sì fi ń mú un kékeré ni, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í kọ́ ọ láàárín ẹnu gan-an, ẹ̀gbẹ́ ojú ni, tàbí abẹ́ àgbọ̀n, tàbí awọ ẹ̀gbẹ́ orí. Tó o bá há dírágì, awọ yẹn á ya, ìwọ̀ á yọ, ó tán. Okùn tó nípọn kò ní kí awọ má ya. Bákan náà ojú kingfish mú púpọ̀, òkun tó mọ́ ló sì ń gbé, á rí okùn ńlá yẹn, ìdẹ ẹ ò sì ní lè wẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbà ní ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ló ń le koko, mi ò tíì rí ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣiṣẹ́ tó ojú òkun yìí.

Okùn 20 pọ́ùn tó tó, èyí tó ń na díẹ̀, mono ni wọ́n ń pè é, kó o rí i pé ó tó 300 yáàdì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ríìlì. Ọ̀pá tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 7 tí orí ẹ̀ rọ̀. Dírágì, ra ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ẹja, so ó mọ́ ìparí okùn, fà á, kí ríìlì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn sílẹ̀ ní nǹkan bíi pọ́ùn 4. Má fi ọwọ́ díwọ̀n, ọwọ́ máa ń tan èèyàn jẹ pàápàá tí ara bá ti gbóná.

Kó o tó ra nǹkan kan, lọ wo ẹnu ibi tí okùn ti já, torí okùn máa ń sọ ohun tó ṣe é. Tí ẹnu ẹ̀ bá gé péré, mọ́lẹ̀mọ́lẹ̀, eyín ni, wáyà ẹ kúrú jù tàbí kò sí wáyà níbẹ̀ rárá. Tí ẹnu ẹ̀ bá ká kórókóró, ìdì ẹ ló tú. Tó bá rí wúruwùru tó sì ń ha ọwọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, ẹsẹ̀ rig ló ti ha á, ẹ sún mọ́ irin yẹn jù nìyẹn, ẹ kúrò níbẹ̀ díẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹja jáde wá bá yín. Ọ̀rẹ́ ẹ tó ń sọ ọ̀rọ̀ okùn ńlá yẹn, bi í bóyá ó ti wo ẹnu okùn rí.

Wáyà wá ni o. Eyín kingfish tò mọ́ra wọn, ó mú bí abẹ ìfárí, kò sí okùn lásán tó lè dúró níwájú ẹ̀. Wáyà oní-fọ́nrán kan la ń lò, èyí tó tó nǹkan bíi 40 pọ́ùn, tí àwọ̀ ẹ̀ pọ́n bíi kọfí, má ra èyí tó ń dán. Swivel dúdú kékeré lókè, irin tó ń yí kí okùn má bàa lọ́, ẹsẹ̀ bàtà méjì wáyà, ìwọ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wáyà mìíràn tó tó ínṣì 5, ìwọ̀ kejì wá wà ní ìparí ẹ̀. Ìwọ̀ kejì yìí ni ìdáhùn sí orí ìdẹ tẹ́ ẹ máa ń fà sókè. Kingfish kì í gbé ìdẹ mì lódindi lẹ́ẹ̀kan náà, ó máa ń sáré wá láti ẹ̀yìn á gé ìrù ẹ̀ sọnù kí ìdẹ má bàa lè sá, á wá yí padà wá kó ìyókù. Ẹ̀yin wá fi ìwọ̀ kan ṣoṣo sí imú ìdẹ, ó gé ẹ̀yìn, ìwọ̀ wà níwájú, báwo ló ṣe máa kọ́ ọ? Ìwọ̀ àkọ́kọ́ ní imú, ìkejì ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, nítòsí ìrù, kó o kàn fi ẹnu kan ẹ̀ kọ́ awọ lásán tàbí kó o jẹ́ kó máa fì fúnra ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dì í, fara balẹ̀ kọ́ ọ nílé, má dúró dìgbà tó o bá dé òkun. Wàá ti wáyà bọ ojú ìwọ̀, wàá ṣẹ́ ẹ padà, kí apá méjèèjì jọ lọ́ mọ́ra wọn ní ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin, kí àwọn méjèèjì jọ máa yí ni o, kì í ṣe kí ọ̀kan dúró gbagidi kí ìkejì máa ká a lára. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàá wá mú ìru wáyà, wàá ká a yí èyí tó nà gbọọrọ ní dídábùú, tímọ́tímọ́, nǹkan bí ìgbà márùn-ún. Má fi pílásì gé èyí tó ṣẹ́ kù. Ṣẹ́ ìparí ẹ̀ kó dà bí ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí ríìlì, kó o máa yí i síwá sẹ́yìn títí á fi já fúnra ẹ̀. Tó o bá fi pílásì gé e, á ku ẹnu ṣóńṣó kékeré kan síbẹ̀, ẹnu ṣóńṣó yẹn á ya àtẹ́lẹwọ́ ẹ nígbà tó o bá ń di wáyà mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, omi òkun á sì wọ inú ẹ̀.

Ti ìdẹ, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹja tútù tó wà láàyè ló dára jù, pogy tó jọ ṣàwá, mullet, tàbí hardtail tẹ́ ẹ bá rí lẹ́bàá rig. Sàdín dídì ń ṣiṣẹ́, ribbonfish náà ń ṣiṣẹ́ púpọ̀ ní Texas níbí, ẹja pẹlẹbẹ gígùn tó ń dán yẹn. Tó bá jẹ́ ribbonfish, ìwọ̀ mẹ́ta ni wàá lò torí ó gùn. Jẹ́ kí ọkọ̀ máa yọ́ lọ, máìlì kan àbọ̀ sí méjì láàárín wákàtí kan, ní pọ̀ jù, tí ẹ́ńjìnì ò bá lè rìn jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ẹ máa fi í sínú gíà kẹ́ ẹ sì máa yọ ọ́. Tàbí kẹ́ ẹ pa ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ jẹ́ kí omi gbé yín lọ, kẹ́ ẹ máa gé ẹja wẹ́wẹ́ sómi díẹ̀díẹ̀. Ìdẹ kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀ díẹ̀. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ni àwọn ńlá sábà máa ń gbé.

Ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí ṣe pàtàkì ju ìdẹ lọ lójú tèmi. Omi etí òkun wa níbí pọ́n, odò Brazos àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń kó ẹrẹ̀ wá, kingfish kì í fẹ́ràn ìyẹn. Máa lọ títí tí omi á fi kúrò ní pípọ́n tá á wá di àwọ̀ ewé, tó bá ti ń di búlúù, ẹ ti dé. Ọjọ́ míì ó jìnnà, ọjọ́ míì nínú ẹ̀ẹ̀rùn tí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀ omi mímọ́ yẹn á wá títí dé jẹ́tì Surfside, àwọn èèyàn á sì máa mú kingfish láti orí òkúta. Ibi tí omi méjì ti pàdé, tó o rí ìlà tó pín wọn, ibẹ̀ ni kó o ju ìdẹ sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni koríko òkun tó tò lọ gbọọrọ, tàbí ibi tí àwọn ẹyẹ ti ń rọ́ sómi. Oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹwàá ni ìgbà wọn lọ́dọ̀ wa, tí omi bá ti tutù wọ́n á ṣí lọ sí gúúsù.

Ohun kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kì í mọ̀: ọkọ̀ àwọn tó ń pa edé. Òru ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, tí ilẹ̀ bá mọ́ wọ́n á ju ìdákọ̀ró, wọ́n á máa ṣa edé, wọ́n á máa da àwọn ẹja wẹ́wẹ́ sómi, kingfish á sì pé jọ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ní kùtùkùtù, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ má já lu wọn, ẹ mú omi tútù tàbí mínírà dání fún wọn, wọ́n á fún yín ní báàgì ẹja wẹ́wẹ́ kan tẹ́ ẹ máa fi ṣe ìdẹ títí alẹ́. Ṣùgbọ́n Texas máa ń ti òkun mọ́ wọn láti àárín oṣù karùn-ún di àárín oṣù keje kí edé lè dàgbà, nítorí náà lẹ́yìn ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ máa wá wọn.

Ó dáa, ẹja ti jẹ. Má ṣe gbé ọ̀pá sókè pẹ̀lú ìbínú. Kàn yọ ọ́ kúrò níbi tó wà, gbé orí ẹ̀ sókè, jẹ́ kó sáré. Ríìlì á máa ké, okùn á máa tín-ín-rín nínú ẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ á máa pariwo pé há a, há a, má dá a lóhùn. Àwọn tó kù á kó ọ̀pá tiwọn wọlé, ẹni tó ń wa ọkọ̀ á yí orí ọkọ̀ tẹ̀ lé ẹja. Tó bá dúró, bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Nígbà míì àyà èèyàn á kàn já pé ó ti lọ, torí okùn dẹ̀ lójijì, rárá o, ó ti yí padà ni, ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹ, ká okùn yẹn pẹ̀lú gbogbo ìyára tó wà lọ́wọ́ ẹ! Tó bá wá rí ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á tún sáré lẹ́ẹ̀kejì, ibẹ̀ ni ẹja tó pọ̀ jù ti ń sọnù, torí èèyàn ti fi àtàǹpàkò di ríìlì mú. Gbé ọwọ́ kúrò. Tó bá ti ń yí roboto nísàlẹ̀ ọkọ̀, tó o rí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tó ń dán bí fàdákà tó ń lọ tó ń bọ̀, ìgbà yẹn ni ẹnì kan ṣoṣo á mú gaff, ọ̀pá tó ní ìwọ̀ ńlá lórí, tá á fi kọ́ ọ lẹ́yìn orí, lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì gbé e wọlé tààrà. Kí ẹnikẹ́ni má fi gaff lu okùn o.

Tó bá ti wọ ọkọ̀ ìjà ò tíì tán. Ọ̀gbẹ́ni kan wà lórí ọkọ̀ tí mo wà nígbà kan, sílípáàsì ló wọ̀, kingfish tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ta lẹ́ẹ̀kan, ẹnu ẹ̀ gba orí ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá. Kò kọ́kọ́ mọ̀ pé òun fara pa, ẹ̀jẹ̀ tó rí nílẹ̀ ó rò pé ti ẹja ni. Máìlì ogún ni wọ́n wà sí etíkun. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀, kúlà ti gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ dè é, kẹ́ ẹ sì fi pílásì gígùn yọ ìwọ̀, má fi ìka ẹ wọ ẹnu ẹja yẹn kódà tó bá ti kú.

Wọn ẹja ẹ kó o tó fi sí áìsì. Nínú omi Texas, tó jẹ́ máìlì òkun 9 láti etíkun, ínṣì 27 ló kéré jù, mẹ́ta péré ni ẹnì kan lè mú lóòjọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ ló wà lẹ́yìn ibẹ̀, ìwọ̀n tiwọn yàtọ̀. Wọ́n máa ń yí òfin padà, nítorí náà wo ojú ewé ìjọba kó o tó jáde, kó o sì ra láísẹ́nsì omi iyọ̀. Kingfish kékeré náà máa ń ní tótòtó yẹ́lò lára bíi ti Spanish mackerel, ó máa ń da èèyàn láàmú. Wo ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá: ti kingfish á já wálẹ̀ lójijì lábẹ́ lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn kejì, ti Spanish á máa rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iwájú lẹ́bẹ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ sì dúdú.

Áìsì ńkọ́? Kó áìsì púpọ̀, ju bó o ṣe rò lọ. Gé ẹja yẹn lọ́rùn kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dà, kó o wá rì í sínú áìsì tí wọ́n pò mọ́ omi òkun, lójú ẹsẹ̀. Mo mọ ìdílé kan ní Houston níbí tí bàbá ilé fi ẹja sílẹ̀ nínú oòrùn títí wọ́n fi wọ ìlú, wọ́n dín in, gbogbo wọn jẹ ẹ́, kò pẹ́ ojú wọn pọ́n, orí ń fọ́, àyà ń lù kìkì, ilé ìwòsàn ni wọ́n sùn. Oògùn burúkú tó ń jẹ́ histamine ló ti wà nínú ẹran ẹja yẹn nígbà tó gbóná. Díndín ò lè pa á, yíyan ò lè pa á. Ẹja náà sì lè má rùn rárá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ. Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má gbé kingfish fún un. Èyí tó kéré àti èyí tó tóbi, má gbé e fún un. Mẹ́kúrì pọ̀ nínú ẹja yìí torí ó ń pẹ́ láyé, ó lè lé ní ogún ọdún, ẹja mìíràn ló sì ń jẹ ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, gbogbo mẹ́kúrì tó wà lára àwọn yẹn á ṣẹ́ jọ sí i lára. FDA àti EPA, àwọn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó oúnjẹ àti àyíká, tò ó mọ́ àwọn ẹja tí aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, obìnrin tó ń retí oyún àtàwọn ọmọdé ò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn, òun àti shark àti swordfish wà lórí ìlà kan náà. Ọpọlọ ọmọ inú ló ń bà jẹ́. Àwọn èèyàn wa á máa sọ pé ká bó awọ ẹ̀, ká yan án, ká fi ọ̀pọ̀ ata sí i, kò sí èyí tó ń yọ ọ́ kúrò, inú ẹran gan-an ló wà. Ẹlòmíì á ní ṣebí mackerel náà ni Titus tá a ń jẹ láti kékeré. Ẹja ọ̀tọ̀ ni Titus, ó kéré, kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé, mẹ́kúrì ẹ̀ kéré gan-an, àwọn aláṣẹ yìí kan náà fi í sára èyí tó dára jù fún aláboyún, òun àti sàdín, salmon, tilapia àti edé, ní ìgbà méjì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nítorí náà tí ẹja bá ń wù ú, ya ilé ìtajà àwọn ará wa ní òpópónà Bissonnet ní Houston, ra Titus tàbí tilapia fún un kó jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Kó o sì béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹ̀.

Èmi fúnra mi, àwọn tó wà ní nǹkan bíi pọ́ùn 8 sí 12 ni mo ń mú lọ sílé, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń jẹ ẹ́. Àwọn ńlá, mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀ nínú omi láìgbé wọn wọlé, mo kàn ń fi pílásì tú ìwọ̀. Abo ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn ló ń yé ẹyin tó pọ̀, àwọn náà ni mẹ́kúrì kún jù. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní àgbáyé tó 93 pọ́ùn, ní San Juan ní Puerto Rico lọ́dún 1999. Kékeré ló dùn jù fún yíyan o! Gé e ní kókó-kókó, yọ ẹran pupa dúdú tó wà láàárín ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, fi iyọ̀ àti ata gígún pa á lára, kó o fi sórí iná igi pecan tí kò jó púpọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ẹ̀fọ́ rírò tó ní i nínú, mi ò mọ oúnjẹ tí mo lè fi ṣe pààrọ̀ ẹ̀. Má fi sínú fríísà pẹ́ ṣá, ọ̀rá ẹ̀ á bàjẹ́.

Ojú òkun fúnra ẹ̀, kó o mọ̀ pé fóònù ẹ kò ní gbé mọ́ níbi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Rédíò VHF gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ yẹn, ìkànnì 16, kí gbogbo yín mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, kì í ṣe ọlọ́kọ̀ nìkan. Gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ NOAA ní alẹ́ àti ní àárọ̀. Sọ fún ìyàwó ẹ ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ gan-an àti àsìkò tẹ́ ẹ máa padà. Òjò àrá máa ń ṣú lójijì lọ́sàn-án oṣù keje, tẹ́ ẹ bá rí i tó ń ga sókè lápá ilẹ̀, ẹ ká okùn, ẹ máa bọ̀, kódà tí ẹja ń jẹ. Tí òkun bá máa ń rìn ẹ́ lọ́kàn, oògùn ẹ̀ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ń lò ó, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ lójú ó ti pẹ́ jù.

Di wáyà méjì mẹ́ta lálẹ́ òní, ya fọ́tò ẹ̀ láti itòsí kí n rí bí wọ́n ṣe lọ́ mọ́ra wọn, fi síbí, màá wò ó fún ẹ kẹ́ ẹ tó jáde ní Sátidé.